Aago, Ìpinnu, Àáró àbí Owó Ìdógò: Èwo Ló Bá Ẹni Tó Ń Fòní Dónìí, Fọ̀la Dọ́la Mu?

Irú àwọn ènìyàn mẹ́ta kan kò ṣọ̀wọ́n láàárín wa ní Ìpínlẹ̀ Kogi, láti Kabba títí dé Ẹ̀gbẹ̀. Télọ̀ kan ti gba aṣọ ẹbí ènìyàn mẹ́jọ, ó ti wọn gbogbo wọn, ṣùgbọ́n aṣọ ṣì wà nínú báàgì títí ọ̀sẹ̀ ayẹyẹ fi wọlé. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún ìkẹyìn kan wà ní Lọ́kọ́ja, wọ́n ti fọwọ́ sí àkọlé iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀, kò sì tíì kọ ìlà kan nínú orí kìíní. Àgbẹ̀ kajú kan mọ̀ dájú pé ó yẹ kí òun ti ṣán etí oko kí ọyẹ́ tó mú koríko gbẹ, síbẹ̀ àdá kò tíì kan ibẹ̀.

Kò sí ọ̀lẹ nínú wọn. Télọ̀ yẹn ń jí ní ìdájí. Akẹ́kọ̀ọ́ yẹn ń dúró sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́jọ́ tí kò bá sí kíláàsì. Àgbẹ̀ yẹn fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ebè iṣu tó pọ̀ lọ́dún yìí. Iṣẹ́ kan pàtó ló wà tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ń yẹ̀ fún, wọ́n sì ń fi iṣẹ́ mìíràn bo yíyẹ̀ náà mọ́lẹ̀. Bí a bá ní kí wọ́n túbọ̀ múra, a kò tíì ràn wọ́n lọ́wọ́, nítorí wọ́n ń múra.

Ọ̀nà mẹ́rin ni mo fẹ́ fi wéra níbí. Àwọn méjì àkọ́kọ́, ẹni kan ṣoṣo lè dá wọn ṣe. Àwọn méjì yòókù nílò ẹlòmíràn. Mo ti rí ẹni tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe láǹfààní, mo sì ti rí ẹni tó mú èyí tí kò bá a mu, tó wá gbà pé òun ló bàjẹ́. Ìyẹn ló mú kí n kọ èyí: ọ̀nà tó dára fún ẹnì kan lè jẹ́ àkókò ṣòfò fún ẹnìkejì, àfi bí a bá kọ́kọ́ mọ ohun tí a ń sá fún.

Kí lẹ ń sá fún gan-an?

Ní ọdún 2007, Piers Steel, olùkọ́ ní Yunifásítì Calgary ní Kánádà, kó àbájáde ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí jọ. Iṣẹ́ tó ń súni, iṣẹ́ tí èrè rẹ̀ jìnnà, àti iṣẹ́ tí a kò gbà pé a lè ṣe dáadáa, àwọn wọ̀nyí wà lára ohun tó ń mú ènìyàn sún iṣẹ́ síwájú jù. Nígbà tó di ọdún 2013, Fuschia Sirois àti Timothy Pychyl ṣàlàyé pé ọkàn wa là ń tọ́jú nígbà tí a bá ń sún iṣẹ́ síwájú. Iṣẹ́ yẹn ń bà wá lẹ́rù, tàbí ó ń sú wa, a sì fi í sílẹ̀ kí ara lè tù wá nísinsìnyí. Ara á tù wá lóòótọ́, títí di ọ̀la.

Ẹ wá fi àwọn mẹ́ta yẹn wò ó. Ti télọ̀, ìsú ni. Gígé aṣọ dùn mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kíká etí àti gbígbin bọ́tìnnì kò dùn rárá, ó sì tún ti gba owó iṣẹ́ náà, kò sí èrè tó ń dúró dè é níwájú. Ti akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀rù ni, pẹ̀lú àìmọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Kò fẹ́ kí alábòójútó rẹ̀ rí i pé òun kò mọ̀wé tó. Ti àgbẹ̀, ewu náà kò tíì hàn sójú. Ní oṣù Ọ̀wàrà koríko ṣì tutù, ta ló ń ronú iná ìgbẹ́? Iṣẹ́ àdáṣe ni pẹ̀lú, kò sí ẹni tí yóò bá a sọ̀rọ̀ ní etí oko.

Irú kẹrin wà, èyí tí mo máa padà sí nísàlẹ̀: ẹni tí kò sá fún ohunkóhun, ṣùgbọ́n tí ọjọ́ rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ ara rẹ̀.

Aago àti ìpinnu

Ará Ítálì kan, Francesco Cirillo, ló gbé ọ̀nà aago kalẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1980, nígbà tó ń kàwé ní yunifásítì. Aago ilé ìdáná tí wọ́n ṣe bí tòmátì ló lò. Ẹ ó yí aago sí ìṣẹ́jú 25, ẹ ó dojú kọ iṣẹ́ kan ṣoṣo títí yóò fi dún, lẹ́yìn náà ẹ ó sinmi fún ìṣẹ́jú 5. Lẹ́yìn ìgbà mẹ́rin, ìsinmi á gùn sí i, ìṣẹ́jú 15 sí 30.

Agbára rẹ̀ ni pé kò ní kí ẹ parí iṣẹ́. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀lẹ: ojú ló ń wo òkìtì ìwé ìdánwò ọmọ iléèwé tí àyà fi ń já, ọwọ́ kò mọ iye tó kù. Aago ń yọ ojú kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà. Olùkọ́ tó ń máàkì ní Ìsánlú, ẹni tó ń ṣírò ìwé owó ẹgbẹ́, télọ̀ tí bọ́tìnnì ti sú, àwọn wọ̀nyí ni màá gbà níyànjú pé kí wọ́n lo aago. Ìsú ló mọ̀ ọ́n wò jù.

Ṣùgbọ́n ó ní ibi tó ti ń já. Iṣẹ́ tí ìmúra rẹ̀ gùn kò bá a mu. Ìṣẹ́jú 25 lè tán kí ẹ tó dé oko. Ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí títì náà kò bá a mu. Ìyá àgbà tó bá wọlé, tó ní òun wá wo aṣọ òun, kò yẹ kí a sọ fún un pé kó dúró kí aago dún. Èyí tó burú jù ni kí a fi fóònù ṣe aago. Ẹ̀ ń wá aago nínú fóònù, ẹ ti rí ìfìránṣẹ́ mẹ́fà. Ẹ ra aago kékeré tó ń lo bátìrì, tàbí kí ẹ máa wo ti ògiri.

Ìpinnu tí mò ń sọ kì í ṣe ti ọjọ́ ọdún tuntun. Peter Gollwitzer, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá ará Jámánì, ló ṣe àlàyé rẹ̀ tó gbajúmọ̀ ní ọdún 1999. Ẹ ó so iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ ṣe mọ́ ohun kan tí yóò ṣẹlẹ̀: bí báyìí bá ti ṣẹlẹ̀, báyìí ni màá ṣe. Ẹ ó kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ ó sì sọ ọ́ sí etí ara yín. Ní ọdún 2006, òun àti Paschal Sheeran kó àbájáde ìdánwò 94 jọ. Àwọn tó ṣe irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ ń mú èrò wọn ṣẹ ju àwọn tó kàn ní in lọ́kàn lọ, ìyàtọ̀ náà kò sì kéré.

Ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣì í ni ohun tí a so ó mọ́. "Bí iná bá dé, màá kọ orí kìíní." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó dájú pé yóò ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ ni kí ẹ so iṣẹ́ mọ́, kì í ṣe ohun tí ẹlòmíràn ń mú wá nígbà tó bá wù ú. Iná àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí lára wọn. Àdúrà òwúrọ̀ wà lára wọn, gbígbá àgbàlá wà lára wọn, oúnjẹ àárọ̀, ìgbà tí àwọn ọmọ bá lọ sí iléèwé. Akẹ́kọ̀ọ́ lè sọ pé: "Bí a bá ti ṣe àmín òwúrọ̀, kí n tó tan dátà, màá fi bírò kọ ìpínrọ̀ kan sínú ìwé." Àgbẹ̀ lè sọ pé: "Bí mo bá ti sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, etí oko ni màá kọ́kọ́ ṣán, kí n tó wọnú oko." Mo fẹ́ràn ti àgbẹ̀ yìí gan-an, nítorí kò fi ohunkóhun kún ọjọ́ rẹ̀. Ó kàn yí ohun tó ṣáájú padà ni.

Bí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan nínú méjèèjì fún ẹni tí n kò mọ̀ rí, ìpinnu ni màá mú. Kò náni ní kọ́bọ̀, kò nílò iná, ó sì dára fún ẹ̀rù àti fún àìmọ ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ó fipá mú wa láti sọ ohun kan pàtó. "Màá ṣiṣẹ́ lórí pọ́jẹ́ẹ̀tì mi" kò lè dúró nínú ìpinnu bẹ́ẹ̀. "Màá kọ ìpínrọ̀ kan" lè dúró. Ẹni tí iṣẹ́ sú ní tòótọ́ ni màá fún ní aago.

Àìsàn kan wà tí méjèèjì kò lè wò, òun ni ìdíwọ̀n tí kò péye. Roger Buehler, Dale Griffin àti Michael Ross bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá léèrè iye ọjọ́ tí yóò gbà wọ́n. Wọ́n gbé e jáde ní ọdún 1994. Ìdáhùn wọn ní ìpíndọ́gba jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 34. Nǹkan bí ọjọ́ 56 ló gbà wọ́n. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má fi ọkàn yín díwọ̀n. Ẹ lọ bá ẹni tó ṣe é lọ́dún tó kọjá ní ẹ̀ka yín, ẹ bi í léèrè iye ọ̀sẹ̀ tí orí kejì nìkan gbà á, kí ẹ sì lo ti rẹ̀.

Àáró àti owó ìdógò

Ọ̀rọ̀ tó wà lọ́kàn mi jù nìyí, nítorí àwọn bàbá wa ti ní ojútùú kan tí a ń jẹ́ kó parẹ́.

Àáró kò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò àlàyé fún ẹni tó dàgbà ní Ìjùmú, Yàgbà, Owé tàbí Bùnú. Ẹ̀yin márùn-ún ẹ ó ṣe oko tèmi lónìí, èmi náà á wá ṣe tiyín nígbà tó bá kàn yín. A máa ń sọ pé ó ń dín ìnira kù, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun mìíràn tó ń ṣe. Ọjọ́ tí ẹ ó kọ ebè ti kúrò lọ́wọ́ yín. Àwọn ẹgbẹ́ yín ló mú un. Ìyàwó ti mọ̀, ó ti ra ẹja, ó ti rẹ ẹ̀wà. Kò sí bí ẹ ṣe lè jí lọ́jọ́ náà kí ẹ ní ọ̀la náà ni. Wọn ó ti dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ọkọ́ léjìká.

Ìwádìí kan tí Dan Ariely àti Klaus Wertenbroch gbé jáde ní ọdún 2002 bá èyí mu. Wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan fi ọwọ́ ara wọn mú ọjọ́ tí wọn yóò kó iṣẹ́ wọn wá, wọ́n sì bá àwọn mìíràn mú ọjọ́ tó pín dọ́gba káàkiri sáà ẹ̀kọ́. Ó ran àwọn tó mú ọjọ́ fúnra wọn lọ́wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tí ẹlòmíràn mú ọjọ́ fún ṣe dáadáa jù wọ́n lọ. Ọjọ́ tí a fún ara wa rọrùn láti yẹ̀.

A lè ṣe àáró fún iṣẹ́ tí kì í ṣe ti oko. Olùkọ́ mẹ́ta lè kó ìwé ìdánwò jọ sí kíláàsì kan lẹ́yìn tí iléèwé bá ti parí, kí wọ́n máàkì ti ẹni àkọ́kọ́ lónìí, ti ẹnìkejì lọ́la. Télọ̀ méjì ní àdúgbò kan náà lè gbin bọ́tìnnì pa pọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú. Ó kéré tán, kí ọ̀kan máa ṣiṣẹ́ tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkejì. Àgbẹ̀ kajú wa yìí, àáró ni kó lọ fún etí oko rẹ̀. Ènìyàn mẹ́rin tí oko wọn pààlà, kí wọ́n ṣán etí oko kan lọ́sẹ̀ kan. Iná tó bá jó tọmọnìkejì yóò dé ọ̀dọ̀ wọn, nítorí náà kò sẹ́ni tó ń ṣe ẹnìkejì lóore lásán.

Ta ni kí ẹ mú? Ibẹ̀ ni ó ti ń bàjẹ́. Ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ kò dára jù, á ní kò burú, ẹ sinmi. Ọmọdé náà kò lè bi ẹ̀gbọ́n léèrè pé "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti ṣe é?" láì dà bí àfojúdi, ẹ̀gbọ́n náà kò sì ní gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹgbẹ́ ẹni ni kí ẹ mú, ẹni tí ẹ bọ̀wọ̀ fún, tí ojú á ti yín bí ẹ bá yẹ àdéhùn. Kó jẹ́ ohun tí ojú rí sì ni yóò wò: ìwé tí ẹ kọ, ilẹ̀ tí ẹ ṣán. Àlàyé lẹ́nu kò tó.

Owó ìdógò ni ọ̀nà kẹrin. Ẹ ó fi owó kan sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Bí ẹ bá ṣe iṣẹ́ náà títí di ọjọ́ báyìí, ẹ ó gbà á padà. Bí ẹ kò bá ṣe é, ó lọ nìyẹn. Èsúsú sún mọ́ ọn, nítorí ó ń dè wá lọ́wọ́ kí a má bàa ná owó tí a fẹ́ fi ṣe nǹkan. Báńkì kékeré kan ní Philippines dán irú rẹ̀ wò: wọ́n fún àwọn oníbàárà láǹfààní láti ti owó wọn pa títí di ọjọ́ tàbí iye kan. Nava Ashraf, Dean Karlan àti Wesley Yin gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2006. Ó mú kí ìfowópamọ́ pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n nǹkan bí ẹni 28 péré nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n fi lọ̀ ló gbà á. Ó jọ mí lójú pé ẹni tó bá gbà kí wọ́n de òun ti mọ àìlera ara rẹ̀, ìyẹn sì ti jẹ́ ìdajì iṣẹ́.

Èmi kì í gba gbogbo ènìyàn níyànjú pé kó fi owó dógò. Ẹni tó ń wá owó oúnjẹ ọmọ kò gbọ́dọ̀ fi í ta tẹ́tẹ́. Bí ó bá já, ilé ló jìyà. Ẹni tí ẹ fi owó sọ́wọ́ rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí yóò jèrè nígbà tí ẹ bá yẹ̀. Àpò ẹgbẹ́ tàbí àpò ṣọ́ọ̀ṣì ni kó lọ. Fún ẹni tó ń gba owó oṣù, tí iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ní òpin kedere ti ń dà á láàmú fún oṣù púpọ̀, bíi kíkó ìwé ìfẹ̀yìntì jọ tàbí títún òrùlé ṣe kí òjò tó dé, kò sí ohun tó tètè múni dìde bí i.

| | Aago | Ìpinnu | Àáró | Owó ìdógò |
|---|---|---|---|---|
| Ohun tó ń wò jù | Ìsú | Ẹ̀rù, àìmọ ibi ìbẹ̀rẹ̀ | Iṣẹ́ àdáṣe, èrè tó jìnnà | Iṣẹ́ kan tó ti pẹ́ jù |
| Ohun tó ń náni | Aago kékeré kan | Bébà àti bírò | Oúnjẹ, àti ọjọ́ tí ẹ ó san padà | Owó tí ẹ lè pàdánù |
| Ibi tó ti ń já | Ṣọ́ọ̀bù tí èrò ń wọ̀ | Bí a bá so ó mọ́ iná tàbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì | Ọ̀rẹ́ tó rọ̀ jù | Ilé tí owó ti há |

Bí ọjọ́ kò bá sí lọ́wọ́ yín ńkọ́?

Kò sí èyí tó lè ṣiṣẹ́ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí òpin ọ̀sẹ̀ bá ti lọ pátápátá. Ẹ mọ bó ṣe ń rí láàárín wa: àìsùn òkú ní Ọjọ́ Ẹtì, ìsìnkú ní Àbámẹ́ta, ìdúpẹ́ ní Àìkú, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ìlú mìíràn tún kàn. N kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó má lọ. Ẹni tí kò bá sin òkú ẹlòmíràn, ta ni yóò bá a sin tirẹ̀? Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà láàárín kí a lọ nítorí wọ́n pè wá àti kí a ti mọ apá tí a ó lọ kí wọ́n tó pè. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, ẹ ka àwọn tí ẹ gbọ́ nípa wọn. Òkú ẹbí, ẹ lọ sí gbogbo rẹ̀. Òkú ẹlẹgbẹ́ iṣẹ́, ẹ lọ síbi ìsìnkú nìkan. Òkú ọ̀rẹ́ ọ̀rẹ́, ẹ fi owó àti ọ̀rọ̀ ìtùnú ránṣẹ́ ṣáájú ọjọ́. Ẹni tó bá ti fi tirẹ̀ ránṣẹ́ ní Ọjọ́bọ̀, kò sẹ́ni tó máa ń bínú sí i.

Ti àwọn obìnrin nira jù èyí lọ, ó sì ń dùn mí bí a ṣe ń kọjá lórí rẹ̀. Obìnrin tó ń dáná, tó ń fọ aṣọ, tó ń tọ́jú ọmọ àti ìyá ọkọ, tí a wá ń sọ fún pé kó ṣètò àkókò rẹ̀, àkókò wo ló kù? Aago ìṣẹ́jú 25 á di ẹ̀gàn fún un. Àwọn ìyá Bùnú tí wọ́n ń hun aṣọ lórí òfì tó dúró nínú ilé fi ọgbọ́n kan hàn mí níbí. Òfì náà kì í kúrò ní àyè rẹ̀, bí ẹni tó ń hun bá dìde lọ wo ọbẹ̀, yóò padà bá owú níbi tó fi í sí. Ẹ̀yin tí ọjọ́ yín ń já kélekèle, ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ yín wà ní ṣíṣí: ìwé lórí tábìlì pẹ̀lú bírò lórí ojú ewé tí ẹ dé, aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́ máṣíìnì. Ohun tí ó ń jẹ ìṣẹ́jú mẹ́wàá yín ni ìmúra. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò ní kí ọkọ má ṣe tirẹ̀. Wákàtí kan lálẹ́ tí ẹlòmíràn yóò mójú tó àwọn ọmọ, kí a jọ sọ ọ́, kí a jọ mú un, kó ní ọjọ́ àti àkókò.

Bí ẹ bá yẹ̀

Ẹ ó yẹ̀ nígbà kan. Michael Wohl, Pychyl àti Shannon Bennett tẹ̀ lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti ìdánwò kan dé ìkejì. Wọ́n gbé e jáde ní ọdún 2010. Àwọn tó dárí ji ara wọn pé àwọn fi ìwé kíkà falẹ̀ fún ìdánwò àkọ́kọ́ kò fi í falẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ fún ìkejì. Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, nítorí bíbú ni wọ́n fi tọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa dàgbà. Ṣùgbọ́n ó bá ohun tí Sirois àti Pychyl sọ mu: bí ìbànújẹ́ bá ti lẹ̀ mọ́ iṣẹ́ náà, a ní ohun kan sí i tí a ó máa sá fún.

Torí náà, bí ọ̀nà kan bá já, ẹ má tètè jù ú nù, ẹ wo ibi tó ti já. Ìpinnu tí a so mọ́ ohun tí kò dájú, ẹ tún un so. Alábàáṣe tó rọ̀ jù, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ fún ọ̀nà náà ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ẹ tó ní kò bá yín mu. Àgbẹ̀ kajú nìkan ni kò ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láti fi dán nǹkan wò. Bí oṣù Bélú bá ti wọlé tí etí oko ṣì kún, kó fi ìpinnu àti aago sílẹ̀, kó lọ kan ilẹ̀kùn àwọn tí oko wọn bá tirẹ̀ pààlà lálẹ́ òní.